Èmi àti Bàbá Mi Lójú Ọ̀nà Awólọ́wọ̀: Láti Kẹ́tú Dé Ọ̀wọ̀

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ. Kẹ́tú sí Ìkẹ́nnẹ́

Bàbá mi kò jẹ́ kí n bá wọn gbé báàgì. Láti ilé títí dé gáréèjì Kẹ́tú ni wọ́n gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Báàgì aláwọ tó ti gbó ni, síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, píìnì ni wọ́n fi há a lẹ́nu. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, tẹ̀sùbáà wà níbẹ̀. Ohun kẹta tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ó di Ìbàdàn kí n tó rí i.

Ẹni ọdún 76 ni wọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n tò sí àgbàlá ilé ìwé, tí tíṣà ní kí kálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Bàbá ní ọwọ́ àwọn kò tó o tán, àwọn kàn dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ ni. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹn ni wọ́n fi di akọ̀wé ìjọba. Láti ìgbà tí Màmá ti kú ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ rin ibi tí Awólọ́wọ̀ rìn, pàápàá Ọ̀wọ̀ tí àwọn kò dé rí. Mo bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́.

A ò tíì rìn jìnnà kọjá Ògíjo tí ọkọ̀ fi gbóná. Dírẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru tú jáde fùú, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi. Àwọn èrò ń ṣépè. Bàbá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ náà ti ṣe òwò lọ́rì rí?"

Mi ò mọ̀. Awólọ́wọ̀ tí mo mọ̀ ni ti ara ọgọ́rùn-ún náírà: fìlà, gíláàsì róbótó, ojú tí kì í rẹ́rìn-ín. Bàbá wá jókòó lórí táyà àpàárọ̀, wọ́n ń tú u palẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ tàípúráítà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó sì ti bá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ṣiṣẹ́ ní Èkó ní 1934 kó tó lọ jókòó sí Ìbàdàn, tó ń ra kòkó, tó ń fi lọ́rì kó ẹrù. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Nígbà yẹn, reluwé ni ọmọ bíbí inú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́rì tó bá fẹ́ gba ẹrù mọ́ reluwé lọ́wọ́, ìjọba ò ní fojú rere wò ó. Kí ọdún 1940 tó dé, òwò ti fọ́ mọ́ ọn lórí, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó jọ mí lójú pé ẹ̀gbẹ́ lọ́rì níbẹ̀ yẹn ni ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ rí ìjọba amúnisìn sójú, kó tó lọ kà nípa rẹ̀ nínú ìwé òfin ní London.

Aago mẹ́ta ọ̀sán la dé Ìkẹ́nnẹ́. Ibojì rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ṣe àdúà kúkúrú, wọ́n ní ó tó. Ọmọ àgbẹ̀ tó tún ń la pákó ni Awólọ́wọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1909 ni Ẹfúnyẹlá bí i fún Ṣópólú. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà wà nígbà tí olóde mú bàbá rẹ̀ lọ ní 1920, ilé ìwé sì di ohun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá: ó pọnmi tà, ó ṣẹ́gi, ó sìn ní ilé onílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá ní kí n pe kẹ̀kẹ́ Marúwá kan. "Òde Rẹ́mọ," ni wọ́n wí. Kò jìnnà. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àtijọ́, wọ́n ní kí ọmọkùnrin náà dúró. Wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo ọ̀nà náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní kí a padà. Mo mọ ẹni tó kú lágbègbè ibẹ̀, mi ò sì béèrè nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ. Abẹ́òkúta

Òjò. Ẹsẹ̀ Bàbá wú, a ò gun Olúmọ, a jókòó sí ilé oúnjẹ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, a jẹ lafún pẹ̀lú ewédú. Ìlú yìí ni ọmọ Ṣópólú ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ káàkiri kó lè ka ìwé.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ní Abẹ́òkúta kì í tilẹ̀ ṣe ti Awólọ́wọ̀. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọlọ́jà ló kó ara wọn jọ síbí, tí wọ́n ní àwọn ò san owó orí mọ́. Wọ́n kọrin sí Aláké, wọ́n sùn sí ẹnu ọ̀nà ààfin, títí Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Mo wá ń rò ó: ní ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ owó orí ti lé ọba jáde láàfin ní 1949, ta ni yóò dìde láàárín ọdún márùn-ún sí i tí yóò ní kí àwọn èèyàn wá san owó mìíràn lé e? Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ń fa eegun lẹ́nu lọ́wọ́. "Dúró dé Ìbàdàn," ni wọ́n wí.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ. Ìbàdàn

A gba ọ̀nà Òmì-Àdìó wọlé. A kọjá lẹ́nu ọ̀nà Wesley College ní Ẹlẹ́kùró, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní 1927 tó sì padà wá ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ó di Òkè-Bọ́là.

Òkè-Bọ́là àti Òkè-Àdó ni àwọn Ìjẹ̀bú tẹ̀dó sí ní Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ilé Awólọ́wọ̀ wà. Ní 26 oṣù kẹta 1950, ó pe ìpàdé sílé láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Àwọn tó wá kò pé mẹ́wàá. Nígbà yẹn, ó ti di lọ́yà láti 1946, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London ní 1945, ìwé ìròyìn Nigerian Tribune tó dá sílẹ̀ ti ń jáde láti oṣù kọkànlá 1949, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé Nàìjíríà kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, orúkọ tí wọ́n fún ilẹ̀ lásán ni. Gbogbo òkìkí yẹn, èèyàn tó jókòó sí pálọ̀ kò pé mẹ́wàá! Mo dúró ní òdìkejì títì, mo ń wo àwọn ọlọ́kadà tó ń já èrò sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà, Action Group, di Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí àwọn kan ń pè ní Afẹ́nifẹ́re.

Kúdẹtì la sùn sí, ní ilé bàbá wọn. Iná ìjọba lọ, a tan àtùpà, Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń dì mọ́nú láti Òde Rẹ́mọ.

Bàbá àgbà mi kì í ṣe ọlọ́pẹ rárá. Alákùkọ paraku ni wọ́n, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC tó ń bá Ọlọ́pẹ díje, ọmọ ẹ̀yìn Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn. Oko kòkó wọn wà lọ́nà Àkànràn. Nígbà tí àrùn mú kòkó, òṣìṣẹ́ ìjọba gbé àdá wọ oko wá, wọ́n ń bẹ́ igi tó ń so lọ́wọ́ lulẹ̀. "Bàbá mi dúró síbẹ̀, wọ́n ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣubú," ni Bàbá wí. Àwọn àgbẹ̀ bí tiwọn ló kóra jọ sí ẹgbẹ́ Máyégún, òun àti ẹgbẹ́ àwọn asanwó-orí ló wá di Màbọ̀làjẹ́ lọ́wọ́ Adélabú. Ohun tí Adélabú ń sọ ní Màpó yé gbogbo èèyàn: Ìjẹ̀bú kan kò ní wá jókòó sí Òkè-Bọ́là kó máa bù owó lé Ìbàdàn lórí.

Owó tí wọ́n sì ń bù náà rèé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a ń pariwo rẹ̀ yìí, ẹnì kan ló san án. Ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ní kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ń san owó orí san fún ti ìwé àti ti ìlera. Ariwo ta. Nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, Alákùkọ na Ọlọ́pẹ mọ́lẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an, nínú ilé ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá wa máa ń wí?" Bàbá fa ara wọn sún mọ́ àtùpà. "Wọ́n ní, 'Ṣílè mẹ́wàá, mo lè san án. Sísì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ni ìyànjẹ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi sísì mi ṣe?'"

Wọ́n wá sọ ti oṣù kẹta 1958. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá. Ọjọ́ 25 ni jàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú lọ́nà Òde Rẹ́mọ yẹn, kò pé ẹni ọdún 43. Bàbá àgbà dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, ẹkún ń gbọ̀n wọ́n. Ẹni ayé kò gbà pé jàǹbá lásán ni, nígbà tó jẹ́ ẹ̀bá ìlú Awólọ́wọ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́, wọ́n ń wá àwọn ọlọ́pẹ kiri, ẹ̀mí ṣòfò. Tíṣà Bàbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, sá wọ ilé wa láàárín òru. Bàbá àgbà, tí ojú wọn wú fún ẹkún Adélabú, ló gbé ẹní jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ. Agodi

Ọjọ́ yìí ni mo fi ìrìn-àjò náà sí. Ní 8 oṣù kẹjọ 1957 ni Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni, ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira Nàìjíríà. Mo rò pé a máa rí àsíá, ó kéré tán. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọdékùnrin tó ń ta káàdì fóònù níwájú Sẹkitéríàtì bóyá ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Ó ronú. Ó ní, "Mà, ṣé wọ́n ti san owó oṣù ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú ọgbà dání.

A jókòó sábẹ́ igi kan, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ẹkùn ṣe lè gba òmìnira kí orílẹ̀-èdè tó gbà á. Ní 31 oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ dá àbá nílé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Àwọn ará Àríwá ní kí wọ́n yọ ọdún kúrò, kí wọ́n kọ "ní kété tó bá ti ṣeé ṣe". Ọlọ́pẹ àti Alákùkọ, àwọn tí kì í jẹun nínú àwo kan, jọ dìde jáde. Àwọn èrò Èkó fi àwọn aṣòfin Àríwá ṣe ẹlẹ́yà lójú pópó. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí Ọlọ́pẹ fẹ́ lọ ṣe ìpàdé ní Kánò, ìjà bẹ́ níbẹ̀. Iye òkú tí ìjọba kà jẹ́ 36. Nígbà tí wọ́n dé ìpàdé London, ó ti hàn sí gbogbo wọn pé wọn ò lè jọ rìn lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Ilé ńlá kan ni," ni Bàbá wí. "Wọ́n wá ní kí yàrá tó bá ti múra tán ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àríwá ṣí tirẹ̀ ní 1959."

Mo bi wọ́n kí ló yàtọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án. Òyìnbó ṣì ni gómìnà, John Rankine; ọlọ́pàá kò sí lábẹ́ ẹkùn. Àmọ́ gómìnà kò jókòó sí orí tábìlì ìgbìmọ̀ mọ́, Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí ìjọba láti 1954 ló bọ́ sí àga yẹn. Bóyá nǹkan kékeré ni lójú ẹni tí kò gbé ayé ìgbà náà. Bàbá ní ojoojúmọ́ ni tíṣà wọn ń kọ ọ́ sí pátákó: "Àwa la ni ara wa."

Ilé aṣòfin náà ni wọ́n ti fi àga ja ara wọn lórí ní 25 oṣù karùn-ún 1962, nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pín sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀wọ̀n Awólọ́wọ̀. Bàbá kì í sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, mo sì jẹ́ kó lọ.

A kírun Jímọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Bàbá tú píìnì ẹnu báàgì. Ìwé pélébé kan ló jáde, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ti ya ní ibi tí wọ́n ti ká a, búlúù táńwá akọ̀wé ti di bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Ọdún orí rẹ̀ ti pa rẹ́. Orúkọ bàbá àgbà ṣì hàn, wọ́n ṣì í kọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: 10/6.

"Nínú ìṣẹ́po agbádá wọn ni mo ti rí i, lọ́jọ́ tí a ń pín ẹrù wọn," ni Bàbá wí. "Títí wọ́n fi kú, gbogbo Màpó ló gbọ́ pé wọn ò san án."

Mo wo àwọn nọ́ńbà náà. Sísì náà wà níbẹ̀. Ní 1954, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600. Nígbà tó di 1955, wọ́n di 811,432. Mo ti mọ iye yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo rí ríséètì ọ̀kan nínú wọn.

Ilé gíga tó dúró lórí wa yìí náà, owó kòkó ló kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó fún àwọn àgbẹ̀ máa ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, èyí tó ṣẹ́kù sì ń wọ àpò ìjọba. Àwọn tó gba ìjọba ara-ẹni lọ́wọ́ òyìnbó mọ ibi tí owó wà. Bàbá àgbà náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bínú. Àwọn méjèèjì ló jàre lójú mi.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ. Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀nà dára ju bí mo ṣe rò lọ. A wọ yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 1987, ọdún tó kú, a jẹ ọsàn lábẹ́ igi. Ìlú yìí ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ti ṣe ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ wọn nílé ní oṣù kẹfà 1948. Adéyẹmọ Alákijà ni ààrẹ, Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé ọlọ́kọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, akọ̀wé Odùduwà. Bàbá tí í ṣe akọ̀wé fún ọdún 35 rí ìtùnú nínú èyí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kọ ìwé ìpàdé ló ń pinnu ohun tí ìpàdé sọ.

Wọ́n tètè sùn.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ. Ọ̀wọ̀

Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀. Bàbá kò sùn nínú ọkọ̀, wọ́n ń ka pátákó ìlú kọ̀ọ̀kan sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Ìlú yìí ni wọ́n ti gbé Ọlọ́pẹ jáde ní gbangba ní 28 oṣù kẹrin 1951, tí Ọlọ́wọ̀ Ọlátẹ́rù Ọlágbégi wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ ìlú yìí náà ni Adékúnlé Ajáṣin, ọ̀gá ilé ìwé Imade College, ẹni tó kọ ìwé tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde. Bàbá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tíṣà ilé ìwé girama kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn níwájú ààfin, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀ gba orí kọjá. Ọwọ́ náà kan etí òsì. Ó tilẹ̀ kọjá etí.

Kẹ̀kẹ́ Marúwá la gbà padà sí ibi tí a wọ̀ sí. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní òun kò ní ṣénjì igba náírà. Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kò kúrò lórí àga.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ, igba náírà ni."

"Mo mọ iye tó jẹ́."

"Bàbá, ọmọ bàbá yín lẹ jẹ́ lóòótọ́."

Ó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde tí fìlà fi yẹ̀ lórí wọn. Síbẹ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin náà tú àpò, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó lọ bẹ ìyá tó ń ta búrẹ́dì, ó mú ọgọ́rùn-ún méjì wá. Ọ̀kan ti ya létí fìlà, ìkejì dọ̀tí tó fi jẹ́ pé gíláàsì nìkan ló hàn dáadáa. Bàbá tẹ́ wọn sórí itan, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ìká wọn jáde, wọ́n kì wọ́n sínú ọ̀rá mọ́ ríséètì, wọ́n sì fi píìnì dé ẹnu báàgì.